Róbọ́ọ̀tì Nìkan Kọ́ Ló Ń Gba Ẹ̀bùn

  

Nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, àwa mẹ́rin kan kọ́ róbọ́ọ̀tì kékeré. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ní Ṣàngó la ti ṣa mọ́tò rẹ̀. Ó rìn dáadáa! Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ní ká mú àkọsílẹ̀ iṣẹ́ wa wá, a ò ní nǹkan kan. Bá a ṣe pàdánù nìyẹn. Òun ló jẹ́ kí n wádìí ìtàn yìí.

Dean Kamen ló dá ẹgbẹ́ FIRST sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1989, kí àwọn ọ̀dọ́ lè fẹ́ràn sáyẹ́ǹsì. Ọ̀kan nínú ìdíje wọn ni FIRST Tech Challenge, ti àwọn ọmọ ọdún 12 sí 18. Inspire Award ni ẹ̀bùn tó ga jù níbẹ̀. Róbọ́ọ̀tì nìkan ò lè gbà á. Àwọn adájọ́ á fọ̀rọ̀ wá àwọn ọmọ lẹ́nu wò, wọ́n á sì wo ìwé wọn.

Tẹ́lẹ̀, Engineering Notebook ni ìwé náà. Ohun tẹ́ ẹ ṣe lónìí, ohun tó bàjẹ́, bẹ́ ẹ ṣe tún un ṣe, gbogbo ẹ̀ lẹ máa kọ síbẹ̀. Ìwé ẹgbẹ́ mìíràn á nípọn bíi Bíbélì.

Nígbà tó di ìdíje 2020 sí 2021, lásìkò kòrónà, òfin yí padà. Engineering Portfolio ni wọ́n ń gbà báyìí: ojú ewé 15, ó pẹ́ tán, láìka ti èèpo iwájú.

Ẹ má rò pé iṣẹ́ ti dín kù o. Ẹni tí kò kọ nǹkan sílẹ̀ lójoojúmọ́, kí ló fẹ́ rí yọ sínú ojú ewé 15? Kíkọ ṣì wà níbẹ̀. Mímọ èyí tó ṣe pàtàkì ló kún un.

Nàìjíríà náà ò gbẹ́yìn. Lọ́dún 2017, àwọn ọ̀dọ́ wa wà ní Washington níbi FIRST Global, ìdíje mìíràn tí Kamen dá sílẹ̀. Àwa ní Ọ̀tà ní ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ lọ́tùn-ún lósì, Covenant University sì ti wà níbí láti 2002. Àkọsílẹ̀ ló kù.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ọ̀gá tẹ́ ẹ ń kọ́ ọmọ níṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ra ìwé kan fún ọmọ yẹn. Kó kọ déètì, kó kọ ohun tó ṣe, kó kọ ibi tó ti ṣìṣe. Bí ọmọdé bá mọ ọwọ́ wẹ̀, á bá àgbà jẹun.