Àga Igbákejì Gómìnà àti Ìpín Ọ̀tà Nínú Ìṣèlú Ìpínlẹ̀ Ògùn

Láti 3 Oṣù Kejì 1976 tí wọ́n ti dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀, aráàlú kò tíì dìbò yan ọmọ Yewa tàbí Àwórì kankan, ìyẹn àwọn ará ìwọ̀-oòrùn Ògùn, sípò gómìnà. Ìjẹ̀bú ti jẹ ẹ́, Ẹ̀gbá jẹ ẹ́, Rẹ́mọ náà jẹ ẹ́. Ní 2019, àga igbákejì ni ọwọ́ Ọ̀tà, ìlú Àwórì, tó: Noimot Salako-Oyedele, ọmọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Lateef Salako tó lórúkọ nínú ìwádìí àìsàn ibà, ló gorí rẹ̀ ní 29 Oṣù Karùn-ún. Onímọ̀ ẹ̀rọ ni. Yunifásítì Èkó ló ti kọ́ nípa ọ̀nà àti ilé kíkọ́. Wọ́n tún dìbò yan òun àti Gómìnà Dàpọ̀ Abíọ́dún ní 2023. Inú ọ̀pọ̀ ará Ọ̀tà dùn sí i, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ kí ni àga náà lè ṣe fún ìlú?

Ẹ jẹ́ ká wo òfin. Abala 187 nínú ìwé òfin 1999 sọ pé ẹni tó ń du ipò gómìnà ni yóò mú igbákejì rẹ̀ fúnra rẹ̀. Abala 193 sì fi í sọ́wọ́ gómìnà bóyá yóò yan iṣẹ́ fún igbákejì tàbí kò ní yan án. Ohun tó tì í lẹ́yìn ni abala 191: bí gómìnà bá kú, tó kọ̀wé fipò sílẹ̀ tàbí tí wọ́n yọ ọ́, igbákejì ni yóò gba ipò. Bí Lucky Aiyedatiwa ṣe di gómìnà Oǹdó nìyẹn nígbà tí Rótìmí Akérédolú kú ní 27 Oṣù Kejìlá 2023. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, oṣù díẹ̀ ṣáájú ni ilé aṣòfin ti ń wá ọ̀nà láti yọ Aiyedatiwa. Ní Èkó, wọ́n yọ Fẹ́mi Pedro, igbákejì gómìnà, ní 2007 lẹ́yìn tí àárín òun àti gómìnà rẹ̀ dàrú.

Ibi tí igbákejì ti ní ìbò tirẹ̀, bíi Kánádà, ọ̀rọ̀ náà yàtọ̀. Sylvia Jones, tó di igbákejì olórí ìjọba Ontario ní 2022, ti ń ṣojú agbègbè Dufferin–Caledon nílé aṣòfin láti 2007. Bí wọ́n bá gba ipò igbákejì lọ́wọ́ rẹ̀ lónìí, ìbò àwọn ará agbègbè rẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀. Salako-Oyedele kò ní irú ìbò bẹ́ẹ̀. Ọ̀tà ló ti wá, ṣùgbọ́n Ọ̀tà kọ́ ló mú un.

Àwọn kan á ní ará Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ló ń fi ipò gómìnà du wá. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, àmọ́ èsì ìdìbò 2019 kò jẹ́ kí n gbà á tán. Abíọ́dún ní ìbò 241,670. Adékúnlé Akínladé ti APM ní 222,153; Gbóyèga Nasir Ìsíákà ti ADC ní 110,422. Ọmọ ìwọ̀-oòrùn Ògùn ni àwọn méjèèjì. Lóòótọ́, kì í ṣe ìwọ̀-oòrùn nìkan ni ìbò wọn ti wá (Amósùn, gómìnà ìgbà náà, wà lẹ́yìn Akínladé), síbẹ̀ àròpọ̀ ìbò àwọn méjèèjì lé ní 332,000, ó ju ti Abíọ́dún lọ. Ní 2023, Akínladé fúnra rẹ̀ ti gbà láti díje fún ipò igbákejì lábẹ́ Ládi Adébútù nínú PDP.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ohun tí ìlú fúnra rẹ̀ nílò. Ìjọba ìbílẹ̀ Adó-Odò/Ọ̀tà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1989, ní ènìyàn 526,565 nínú ìkànìyàn 2006. Ilé iṣẹ́ kún Sàngó, Ọ̀tà àti Agbára, ọkọ̀ àjàgbé sì ń ba ọ̀nà inú ìlú jẹ́ lójoojúmọ́. Títì Èkó sí Abẹ́òkúta tó gba Sàngó kọjá kì í ṣe ti ìjọba ìbílẹ̀. Ọ̀nà àdúgbò, gọ́tà, ọjà àti kíkó ìdọ̀tí, iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni. Ní 11 Oṣù Keje 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa bọ́ sí àpò wọn tààrà. Lójú tèmi, alága ìjọba ìbílẹ̀ kan tí ará Ọ̀tà fi ìbò gidi yàn, tí wọ́n lè bi léèrè owó yìí, yóò wúlò fún Sàngó ju igbákejì gómìnà lọ.

Nítorí náà, bí ẹgbẹ́ òṣèlú kan bá tún gbé àga igbákejì wá gẹ́gẹ́ bí ìpín ìwọ̀-oòrùn, kí àwọn àgbà Yewa àti Àwórì kọ́kọ́ béèrè iṣẹ́ àti owó tí wọn yóò so mọ́ ọn, kí wọ́n sì gbà á ní àkọsílẹ̀ kí wọ́n tó fi ìbò wọn sílẹ̀.