Wọ́n Wá Àrùn Ehoro Níbi Tí Kò Sí

Ní ọdún 1674, oníṣòwò aṣọ kan ní ìlú Delft, ní ilẹ̀ Netherlands, mú òróǹro ehoro, ó sì fi awò tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe yẹ̀ ẹ́ wò. Antonie van Leeuwenhoek ni orúkọ ọkùnrin náà. Àwọn nǹkan tíńtìntín tí wọ́n rí bí ẹyin ni ó bá nínú omi kíkorò yẹn, ó sì kọ ọ́ sínú lẹ́tà ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀mọ̀wé Royal Society ní Lọ́ńdọ̀nù. Kò mọ ohun tí ó rí. Àwọn tí wọ́n ka lẹ́tà náà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n sọ pé ó ní láti jẹ́ Eimeria stiedae, kòkòrò àìfojúrí tí ń ba ẹ̀dọ̀ ehoro jẹ́, tí àwọn ìbátan rẹ̀ sì ń fa ìgbẹ́ gbuuru fún ọmọ ehoro títí di òní.

Ẹni tó bá gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ yìí á rò pé kò ní pẹ́ tí aráyé yóò fi mọ gbogbo ohun tó ń ṣe inú ehoro. Ó ju igba ọdún lọ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í mọ̀ ọ́n. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà: ẹran ọbẹ̀ ni ehoro.

Láti ayé àwọn ará Róòmù ni wọ́n ti ń sìn ín. Varro, tó kọ ìwé lórí iṣẹ́ àgbẹ̀ ní ọdún 37 kí a tó bí Jésù, ṣàlàyé ọgbà olódi tí wọ́n ń kó irú ẹran bẹ́ẹ̀ sí, àti bí wọ́n ṣe ń há wọn mọ́ kí wọ́n lè sanra. Pliny ní tirẹ̀ sọ bí ehoro ṣe pọ̀ ní àwọn erékùṣù Balearic débi pé àwọn ará ibẹ̀ bẹ Augustus, olú ọba Róòmù, kó fi ọmọ ogun ran àwọn lọ́wọ́. (Ìtàn kan tún wà pé póòpù kan ló fọwọ́ sí ọmọ ehoro ní oúnjẹ ààwẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 600, pé torí bẹ́ẹ̀ ni àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn fi sọ ehoro di ẹran ilé. Ní 2018, àwọn olùwádìí kan ní Oxford tú ìtàn náà wò, wọ́n sì rí i pé kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.) Ẹran tí a ó pa lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ta ni yóò jókòó ti ìgbẹ́ rẹ̀? Bí inú bá ń run ún, ọ̀bẹ ni oògùn rẹ̀.

Ìgbà tí ehoro wọ yàrá àlejò ni ọ̀rọ̀ yí padà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Beatrix Potter, ayàwòrán tó di òǹkọ̀wé ọmọdé, ní ehoro kan tí ń jẹ́ Benjamin Bouncer. Búrẹ́dì yíyan gbígbóná tí wọ́n fi bọ́tà ra ni Benjamin fẹ́ràn. Bó bá ti gbọ́ agogo tíì, eré ló máa ń sá wọlé. Ní 1890, nígbà tí Potter gba owó lórí àwòrán tó yà, ó bu odidi ife èso hemp, ìbátan igbó, fún Benjamin kí òun náà lè bá a yọ̀. Ní ọjọ́ kejì, kò rí ehoro náà yà: ó ti yó kẹ́ri bí ọ̀mùtí. Nínú ìwé tí Potter gbé jáde ní 1902 nípa Peter, ehoro olórí kunkun yẹn jẹ lẹ́tíùsì, ẹ̀wà tútù àti rádíìṣì ní oko olóko títí inú fi ń rú u, ó sì wá párísílì lọ. Nígbà tó délé, tíì camomile ni ìyá rẹ̀ fún un. Ìtàn ọmọdé ni, bẹ́ẹ̀ ni. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ olówó ehoro nígbà náà kò ní oògùn tó ju ti ìyá Peter lọ, àánú ló sì ń mú wọn fún ẹran wọn ní oúnjẹ tí yóò pa á.

Ohun tó yẹ kó là wọ́n lójú wà lábẹ́ imú wọn. Ìgbẹ́ oríṣi méjì ni ehoro ń yà. Èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ni róbótó gbígbẹ tó máa ń fọ́n káàkiri àgò. Èkejì rọ̀, ó ń dán, ó so pọ̀ bí òṣùṣù èso àjàrà, ilẹ̀ kì í sì í bá a, nítorí ehoro á ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á fi ẹnu gbà á ní ìdí ara rẹ̀, á gbé e mì. Oníṣègùn ẹran kan ní France, Morot, kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1882. Àwọn ènìyàn gbójú fò ó fún ohun tó lé ní àádọ́ta ọdún.

Nínú Bíbélì Yorùbá, tí odidi rẹ̀ jáde ní 1884, ìwé Léfítíkù orí 11 ka ehoro mọ́ àwọn ẹran tí ń jẹ àpọ̀jẹ. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ti fi ibẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, torí àpòlúkù ehoro kò rí bíi ti màlúù, kì í sì í pọ oúnjẹ padà sẹ́nu. Àfi ìgbà tó di 1939 tí H. Madsen, ará Denmark, gbé ìbéèrè náà gan-an lọ sínú ìwé ìròyìn Nature: ṣé ehoro ń jẹ àpọ̀jẹ? E. L. Taylor ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ tirẹ̀ ní ọdún kan náà. Èsì wọn ni pé oúnjẹ ehoro ń gba inú kọjá lẹ́ẹ̀mejì lóòótọ́, ìdí ló kàn ń gbà padà, kì í ṣe ọ̀fun. Àpò ìfun ńlá kan wà nínú ehoro tí kòkòrò àìfojúrí ti ń pọn oúnjẹ bí ẹní pọn ọtí. Ohun tí wọ́n bá pọn níbẹ̀, amúaradàgbà àti fítámì B, ló wà nínú ìgbẹ́ rírọ̀ yẹn. Ó wúlò fún olówó ehoro láti mọ èyí. Bí ìgbẹ́ rírọ̀ bá ń lẹ̀ mọ́ ìdí ehoro, kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ ìgbẹ́ gbuuru. Ó lè jẹ́ pé ẹran náà sanra ju kó tẹ̀ba lọ, pé eyín ń dùn ún, tàbí pé oúnjẹ dídùn ti yó o débi tí kò fi nílò tirẹ̀ mọ́. Èyí tó bá ń ṣàn bí omi ni àrùn gidi, wàhálà kánjúkánjú sì ni fún ọmọ ehoro.

Kí ẹ̀kọ́ Madsen àti Taylor tó tàn, ilé iṣẹ́ ti gba oúnjẹ ehoro lọ́wọ́ koríko. Ìjọba Amẹ́ríkà dá ibùdó ìwádìí ehoro sílẹ̀ ní Fontana, ní California, ní 1928. Ẹran àti awọ ni wọ́n ń wá, bí ehoro yóò ṣe tètè dàgbà ló sì jẹ wọ́n lógún. Oúnjẹ tí wọ́n lọ̀, tí wọ́n fún pọ̀ ní hóró-hóró, rọrùn láti tà, ó rọrùn láti wọ̀n, kì í sì í dọ̀tí ilé. Bó ṣe ń wọlé ni koríko gbígbẹ ń jáde. Àwọn ọmọ ehoro wá bẹ̀rẹ̀ sí í kú nígbà tí wọ́n bá já wọn lẹ́nu ọmú: inú á wú, ìgbẹ́ á dà bí omi, ó di òkú. Peter Cheeke àti Nephi Patton, ní ibùdó ìwádìí ehoro ti Oregon State University, sọ èrò wọn ní 1980. Wọ́n ní bí sítáàṣì bá pọ̀ jù, tí fáíbà sì kéré, sítáàṣì tí kò dà á ṣàn dé inú àpò ìfun yẹn, àwọn kòkòrò burúkú á rí jẹ, wọ́n á pọ̀ sí i, wọ́n á sì tú májèlé jáde. Fáíbà gígùn inú koríko ló ń ti ìfun lọ síwájú. Bí kò bá sí, ìfun á lọ́ra, á dúró.

Lọ́dún díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n mọ ọ̀kan nínú àwọn kòkòrò apani náà dájú, Clostridium spiroforme. Wọ́n tún rí i pé oògùn tí ènìyàn fi ń wo ara rẹ̀ sàn lè ṣílẹ̀kùn fún un. Pẹnisílíìnì tí wọ́n bá fún ehoro mu lẹ́nu, ampicillin, lincomycin àti clindamycin, gbogbo wọn máa ń pa àwọn kòkòrò rere inú àpò ìfun, wọ́n sì máa ń fi àyè sílẹ̀ fún èyí tí ń pani. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí kan àwa gan-an ní ilẹ̀ Yorùbá, níbi tí kò sí kẹ́mísì àdúgbò tí kò ní Ampiclox, tí ampicillin wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá tú kápúsù yẹn sínú omi ehoro ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ sin ín sàárè.

Ṣùgbọ́n irun ni ìtàn tó gùn jù. Ehoro máa ń lá ara rẹ̀, ó sì máa ń gbé irun mì. Ní ọ̀pọ̀ ọdún ọ̀rúndún ogún, bí dókítà bá la òkú ehoro tí kò jẹun, ìṣù irun tó ti le ló máa ń bá nínú àpòlúkù. Ó ti rí ọ̀daràn, ẹjọ́ parí. Wọ́n ń rọ omi ọ̀pẹ̀ òyìnbó sí ehoro lẹ́nu, wọ́n ń fún un ní oògùn tí wọ́n fi ìbẹ́pẹ ṣe, pé àwọn èso wọ̀nyí yóò yọ́ irun. Àwọn mìíràn gbé e lọ sórí tábìlì iṣẹ́ abẹ, ọ̀pọ̀ kò sì bọ̀ láàyè. Ìgbà tó yá ni àwọn dókítà ṣàkíyèsí pé irun wà nínú àpòlúkù ehoro tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá pẹ̀lú. Ìfun ló kọ́kọ́ dúró, omi inú àpòlúkù gbẹ, irun àti oúnjẹ sì ṣù pọ̀ lẹ́yìn náà. Ọ̀pẹ̀ òyìnbó kò yọ́ irun kankan. Bóyá omi inú rẹ̀ ló ran àwọn díẹ̀ lọ́wọ́.

Àwọn tó mú ẹ̀kọ́ yìí délé kì í ṣe àgbẹ̀. Marinell Harriman kọ ìwé ìtọ́jú ehoro inú ilé ní California ní 1985, ẹgbẹ́ House Rabbit Society sì bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 1988. Ehoro tó ń gbé nínú pálọ̀, tó ń yàgbẹ́ sínú àwo lójú olówó rẹ̀, ìgbẹ́ rẹ̀ kò lè ṣàì di ohun àkíyèsí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í mọ àmì ní kùtùkùtù. Ìgbẹ́ á kéré, á gbẹ, tàbí kí irun so ó kọ́ra bí ìlẹ̀kẹ̀. Ehoro á kọ ohun tó fẹ́ràn jù. Á káwọ́ ká ẹsẹ̀ jókòó sí igun kan, á máa wa eyín pọ̀, á tẹ ikùn mọ́ ilẹ̀, á tún dìde. Etí rẹ̀ lè tutù. Ẹran tí gbogbo ẹran ń pa jẹ ni, kì í ké ìrora jáde. Ẹni tí kò bá wo ìgbẹ́ rẹ̀ kò ní mọ̀ títí yóò fi pẹ́ jù.

Ní ẹ̀bá wa níhìn-ín, Yunifásítì Abomey-Calavi ní Benin ní ibùdó ìwádìí ehoro tirẹ̀, CECURI, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Kpodékon ti jẹ́ òpó rẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ wa kò sì dúró de ìwé kí wọ́n tó mọ iṣẹ́. Ewé yúnyún ni wọ́n ń já fún ehoro láti ọjọ́ pípẹ́, wọ́n á sá ewé tútù díẹ̀ kó rọ kí wọ́n tó gbé e síwájú rẹ̀, wọn kì í sì í jẹ́ kó jẹ èyí tí òjò pa. Ibi tí ewu wà ni ilé ìgboro, níbi tí wọ́n ti ń fi búrẹ́dì, gúgúrú àti káròtì ṣìkẹ́ ehoro, tí koríko kò sì sí.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Nígbà tí gbogbo ènìyàn ti dá irun sílẹ̀, Frances Harcourt-Brown, dókítà ẹranko ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé ìwádìí jáde ní 2007 lórí ehoro 76 tí àpòlúkù wọn wú fùkẹ̀, tí ìfun wọn dí. Ohun tó dí ọ̀pọ̀ nínú wọn ni irun! Kì í ṣe ìṣù ńlá inú àpòlúkù o; hóró kékeré tí irun fún pọ̀ sí, tó há sínú ìfun tóóró, ni. Ehoro kì í bì, afẹ́fẹ́ àti omi kò rọ́nà lọ sókè, kò rọ́nà lọ sísàlẹ̀, ó sì lè kú láàárín wákàtí díẹ̀. Ó wá di dandan láti mọ ìfun tó dúró yàtọ̀ sí ìfun tó dí, torí ìtọ́jú wọn kò bára mu. Ní 2012, òun àti S. F. Harcourt-Brown fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lè sọ ọ́: bí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ehoro bá kọjá 20 mmol nínú lítà kan, ọ̀rọ̀ ti le, ó sì ṣeé ṣe kí ìfun ti dí.

Èyí tó dúró lásán ń fẹ́ oògùn ìrora, omi sára, ìgbóná, àti koríko lílọ̀ tí a fi síríǹjì fún un díẹ̀díẹ̀. Èyí tí ikùn rẹ̀ le bí ìlù, tó rọ jọwọrọ, oúnjẹ tí a bá fipá kì sí i lẹ́nu yóò tètè pa á. Dókítà ló gbọ́dọ̀ fi rọ́bà tú àpòlúkù rẹ̀, tàbí kó ṣiṣẹ́ abẹ. Bí ehoro bá lo wákàtí 12 láìjẹun tàbí láìyàgbẹ́, ẹ má dúró de òwúrọ̀. Ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ẹranko wà ní yunifásítì Ìbàdàn, Abẹ́òkúta àti Ìlọrin. Ẹ̀yin tí ẹ ní ehoro nílé, ẹ tètè wádìí nísinsìnyí dókítà tó ti tọ́jú ehoro rí ní àdúgbò yín, kí ẹ kọ nọ́ńbà rẹ̀ sára ògiri.