Omi Iyọ̀ Ọdún 2014
Ní oṣù Agẹmọ ọdún 2014 ni àrùn Ebola wọ Èkó Àkéte, ilé ọgbọ́n. Nígbà tí oṣù Ògún sì dé, òru ọjọ́ kan ni fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún láti ilé dé ilé, tí ìyá ń jí ọmọ, tí ẹ̀gbọ́n ń jí àbúrò, pé kí wọ́n po iyọ̀ mọ́ omi gbígbóná, kí wọ́n fi wẹ̀, kí wọ́n sì mu nínú rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, kí Ebola má baà mú wọn. Ìfẹ́ òun ìbẹ̀rù ló gbé ọ̀rọ̀ náà rìn, nítorí ta ni yóò gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ lóru tí yóò bi í léèrè ẹ̀rí? Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a: yíya aláìsàn sọ́tọ̀ àti ṣíṣọ́ àwọn tó fara kàn án ló ṣẹ́gun àrùn náà.