Ewé Dóńgóyárò àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Ekong

Bí ẹ bá jáde ní géètì Yunifásítì Ìbàdàn, tí ẹ sọdá sí Àgbowó, ẹ ò ní pẹ́ rí alágbo. Bí ibà bá mú akẹ́kọ̀ọ́, ewé dóńgóyárò wà lára ohun tí wọ́n máa ń sè fún un. Gbogbo wa la mọ̀ pé ó korò. Ohun tí èmi ò mọ̀ títí mo fi wọ ọdún kẹta nínú kẹ́mísírì ni pé òdìkejì títì yẹn gan-an ni wọ́n ti tú àṣírí ọ̀kan nínú àwọn èròjà kíkorò inú ewé náà.

Orúkọ tó kún inú nóòtì wa ni Heck, Negishi àti Suzuki, tí wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel ní 2010. Wọ́n fi palladium so kábọ́ọ̀nù mọ́ kábọ́ọ̀nù. Díẹ̀ lára irin náà ń ṣe iṣẹ́ púpọ̀ torí pé kì í bá iṣẹ́ náà tán. Iṣẹ́ ńlá ni. Àmọ́ kí èèyàn tó so nǹkan pọ̀ mọ́ mólékù kan, ó gbọ́dọ̀ mọ bí mólékù náà ṣe rí. Iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Donald Ekong ṣe n'Ìbàdàn nìyẹn.

Igi gẹdú ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Láàárín ọdún 1960 sí 1969, Bevan, Taylor, Ekong àtàwọn akẹ́gbẹ́ wọn ń yẹ igi bí ọ̀gánwó wò, wọ́n ń yọ àwọn èròjà tí wọ́n ń pè ní meliacin jáde. Ẹbí kan náà ni ọ̀gánwó àti dóńgóyárò. Nínú irú iṣẹ́ yìí, wọ́n á lọ ewé, wọ́n á fi ọtí tàbí irú omi bẹ́ẹ̀ fa èròjà rẹ̀ jáde, wọ́n á yà á sọ́tọ̀ títí yóò fi mọ́, kí wọ́n tó wá wádìí átọ́ọ̀mù tó wà nítòsí èwo. Ní 1967, Ekong tẹ àbájáde rẹ̀ jáde: nimbolide, C27H30O7.

Kò dúró níbẹ̀. Ní 1969, òun pẹ̀lú Fakunle, Fasina àti Okogun gbé nimbolin A àti B jáde. Ní 1971, òun, Ibiyemi àti Olagbemi béèrè ìbéèrè tó tún jinlẹ̀ sí i: báwo ni ewé fúnra rẹ̀ ṣe ń ṣe nimbolide?

Lẹ́yìn náà ló di ọ̀gá àgbà àkọ́kọ́ ní Yunifásítì Port Harcourt, ó sì tún ṣe akọ̀wé àgbà ẹgbẹ́ àwọn yunifásítì Áfíríkà ní Accra.

Ní 2019, Nomura, Maimone àtàwọn akẹ́gbẹ́ wọn ní Berkeley, Amẹ́ríkà, fi hàn pé nimbolide máa ń lẹ̀ mọ́ purotéènì RNF114 nínú sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ọmú. Wọ́n wá so nimbolide mọ́ mólékù mìíràn, kí àpapọ̀ wọn lè mú kí sẹ́ẹ̀lì pa purotéènì tí wọ́n dójú sọ run. Láàbù ni o. Kò túmọ̀ sí pé agbo ń wo jẹjẹrẹ. Àmọ́ ká ní ẹnikẹ́ni ò mọ bí nimbolide ṣe rí, ibo lara rẹ̀ ni wọn ì bá so nǹkan mọ́?

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, bí ẹ bá ń kọ Suzuki sínú nóòtì, ẹ kọ Ekong, 1967, sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tó sì ti jáde, tí ẹ bá mọ ìtàn láàbù náà ju èyí lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún wa.