Ẹtu, Òyà àti Oko Kòkó ní Ìkirè

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Ojú náà ni àgbẹ̀ fi ń ṣọ́ igi eléso. Ẹ̀yin òǹkàwé, bí a bá ń pìtàn kòkó nílẹ̀ wa, owó rẹ̀, àwọn oníṣòwò rẹ̀ àti àwọn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí a fi kọ́ ni a máa ń rántí. A kì í rántí àwọn ẹranko tí ó ń bá àgbẹ̀ du igi náà. Èrò tèmi ni pé bí a ti ń lo ilẹ̀ sí ni ó ń pinnu irú ẹranko tí yóò ba oko wa jẹ́. Ìtàn Ìkirè sì fi èyí hàn gbangba.

Ní 1874 ni a kọ́kọ́ gbin kòkó ní orílẹ̀-èdè yìí, ní Bonny. Kí ọ̀rúndún náà tó parí, ó ti dé Agége àti Ìbàdàn. Lẹ́yìn náà, ó wọ igbó Ìkirè àti Àpòmù. Àgbẹ̀ kì í gbin ọmọ kòkó sínú oòrùn. Abẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti kókò ni ó ń gbìn ín sí, kí ó lè rí ibòji. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà náà ni a ń fi ṣe dòdò Ìkirè tí èrò ọ̀nà Ifẹ̀ mọ̀ dáadáa.

Ṣùgbọ́n ibòji kì í ṣe ọgbà. Ẹtu àti àgbọ̀nrín a máa jẹ ọ̀mùnú igi tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù. Ọ̀bọ àti ọ̀kẹ́rẹ́ a dúró de èso kí ó pọ́n, wọn a sì dá a lu nítorí omi dídùn tí ó bo hóró inú rẹ̀. Nígbà náà, àgbẹ̀ àti ọdẹ sábà máa ń jẹ́ ẹnì kan náà. Ó ń dẹ ẹ̀bìtì àti tàkúté sí ẹ̀bá oko, ó ń fi igi sọgbà yí ọmọ kòkó ká, ó sì ń tan iná ọdẹ lóru. Lóòótọ́, bí ọ̀kẹ́rẹ́ bá gorí ìrókò, ojú ọdẹ a dá. Ṣùgbọ́n èyí tí ọwọ́ bá tẹ̀ di ọbẹ̀.

Nígbà tí oko wá pọ̀ ju igbó lọ, nǹkan yí padà. Ẹkùn kò sí mọ́. Àgbọ̀nrín di ohun tí a ń wá kiri. Òyà ní tirẹ̀ kì í ṣe ẹran igbó dídí. Inú koríko, ní ilẹ̀ tí a fi sílẹ̀ lẹ́bàá oko ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo, ni ó ti ń gbèrú. Ológìní kò sí nílé, ilé di ilé èkúté. Eyín òyà mú bí àdá, ìdí ni ó sì ti ń gé ọmọ igi. Ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún ni àgbẹ̀ yóò tún fi dúró kí òmíràn tó so.

Ilé ìwádìí ọ̀pẹ tí ó wà nítòsí Benin, tí a dá sílẹ̀ ní 1939, kọ́ àwọn ènìyàn láti fi wáyà alàwọ̀n yí ìdí ọmọ ọ̀pẹ ká. Ọgbọ́n náà dára, ṣùgbọ́n owó wáyà fún ẹgbẹ̀rún igi kì í ṣe ti mẹ̀kúnnù. Àwọn mìíràn a máa fi iná lé òyà jáde nígbà ọyẹ́. Èyí ni mo lòdì sí jù lọ, nítorí iná kò mọ koríko yàtọ̀ sí kòkó. Ní 1983, ọ̀dá àti iná ìgbẹ́ run oko kòkó rẹpẹtẹ ní Ghana.

Ohun tí ó kù ni oko ríro. Òyà ń bẹ̀rù ibi gbangba. Bí ìdí igi àti ẹ̀bá oko bá mọ́, kò ní ibi tí yóò sá pamọ́ sí. Ṣùgbọ́n bí mo bá ro tèmi, tí aládùúgbò mi fi tirẹ̀ sílẹ̀, òyà kò mọ ààlà. Àwọn baba wa mọ èyí, wọ́n sì ní àáró àti ọ̀wẹ̀. Lónìí, àgbàlagbà ni ó pọ̀ jù lóko. Àwọn tí apá wọn ká iṣẹ́ náà wà láàárín wa ní Yunifásítì. Bí a kò bá tún àáró dá sílẹ̀, wáyà kò lè gba oko wa là.