Káàdì Ìmẹ̀sí-Ilé àti Ọmọ tó Sanra ní Kàbà

Ní Kàbà àti káàkiri ilẹ̀ Ọ̀kun, tí ìyá bá gbé ọmọ tó lẹ́ran lára jáde, òun ni wọ́n máa yìn. Wọ́n á ní oúnjẹ ń gba ara ọmọ náà. Tí ọmọ bá tín-ín-rín, ìbéèrè ló máa tẹ̀lé e: ṣé ara ẹ̀ yá? Ṣé ó ń jẹun ṣá? Inú èdè wa gan-an ni ìyìn yẹn ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà, "sanra". Ó jọ pé "sàn" tó wà nínú "àìsàn" náà ló pàdé "ara" níbẹ̀. Ẹni tó bá sanra, ara ẹ̀ ló sàn. Báwo la ṣe wá fẹ́ sọ fún ìyá kan pé kí ara ọmọ ẹ̀ má sàn jù?

Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ ìsanrajù ọmọdé fi ṣòro láti sọ láàárín wa. Àwọn kan á ní àìmọ̀kan ló ń ṣe àwọn òbí. A ò gbà. Ẹ̀rù tó ní ìtàn ni. Tí a ò bá sì mọ ìtàn ẹ̀, a ò ní mọ bí a ṣe máa bá àwọn ìyá wa sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti Gánà, tí wọ́n ń pè ní Gold Coast nígbà náà. Ní ọdún 1933, dókítà obìnrin kan, Cicely Williams, kọ̀wé nípa àìsàn kan tó ń pa àwọn ọmọ kéékèèké níbẹ̀. Ní 1935 ó kọ orúkọ tí àwọn Gã ń pè é sílẹ̀: kwashiorkor, àìsàn tó ń mú ọmọ nígbà tí àbúrò ẹ̀ bá dé. Wọ́n á já ọmọ lẹ́nu ọmú, oúnjẹ àgbàdo lásán láá sì kù fún un, kò sí ẹ̀wà, kò sí ẹja. Ẹsẹ̀ ọmọ á wú, ojú á wú, ikùn á yọ síta. Ẹni tí kò mọ̀ lè rò pé ó ń sanra ni, bẹ́ẹ̀ ó ń kú lọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni ogun abẹ́lé dé, 1967 sí 1970, àwòrán àwọn ọmọ Biafra tí egungun ìhà wọn hàn sì gba gbogbo ayé kan. Ìyá tó dàgbà láàárín irú àsìkò yẹn, tó rí ọmọ tirẹ̀ tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ kún, kí ni kó ṣe bí kò ṣe pé kó dúpẹ́?

Kì í ṣe ẹ̀rù nìkan ni wọ́n fi jà. Wọ́n ní irinṣẹ́, ọ̀dọ̀ wa níbí ni irinṣẹ́ náà sì ti jáde. Láti Kàbà, tí ẹ bá gba Ọmùò wọ Èkìtì, tí ẹ sì ń lọ sí ìwọ̀-oòrùn, ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà lẹ máa bá ara yín. Ní 1956, David Morley, dókítà ọmọdé láti Ìlú Ọba, dé ọsibítù Wesley Guild ní Iléṣà. Ìmẹ̀sí-Ilé, ìlú kékeré kan ní agbègbè yẹn, ló ti ṣe iṣẹ́ tí ayé fi mọ̀ ọ́n: kíníìkì fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Dókítà kọ́ ló ń dá gbogbo ẹ̀ ṣe, àwọn nọ́ọ̀sì ló gbé iṣẹ́ náà lé èjìká. Àwọn ìyá á gbé ọmọ wá, wọ́n á wọ̀n ọ́n, wọ́n á sì fi àmì kan sórí káàdì. Oṣù dé oṣù, àmì yẹn á máa di ìlà. Ìlà méjì tó tẹ̀ gẹ̀ẹ̀rẹ̀ gòkè ti wà lórí káàdì náà tẹ́lẹ̀, àárín wọn ni ọ̀nà. Bí ìlà ọmọ bá ń gòkè lọ lójú ọ̀nà, ó dáa. Bó bá dúró lójú kan tàbí tó ń wálẹ̀, ẹ tètè wá nǹkan ṣe kí àìsàn tó fojú hàn. Wọ́n pè é ní Ọ̀nà sí Ìlera, ó sì lọ káàkiri ayé.

Ohun kan wà nínú iṣẹ́ yẹn tó máa ń jọ àwa tí à ń kọ kóòdù lójú: ilé ìyá ni káàdì ń gbé, kì í ṣe inú káńbọ́ọ̀dù ọsibítù. Ìyá ló ni ín, òun ló ń tọ́jú ẹ̀, òun náà ló ń kà á. Obìnrin tí kò lọ iléèwé rí lè wo ìlà kó sì mọ̀ pé oṣù tó kọjá kò dáa. Gbogbo ọ̀rọ̀ "dátà" tí à ń pariwo lónìí, ẹ wo ibi tí wọ́n ti ṣe é pẹ̀lú páálí àti bírò.

Àmọ́ ẹ wo káàdì yẹn dáadáa. Nínú èyí tí àjọ ìlera àgbáyé, WHO, gbé jáde ní 1978, ìlà òkè ò ju ìwọ̀n ọmọkùnrin tó wà láàárín gbọ̀ngàn lọ. Ìlà ìsàlẹ̀ ni ibi tí ọmọbìnrin 3 péré nínú 100 máa ń wà lábẹ́ ẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe káàdì náà fún: ṣé ọmọ yìí ń ṣubú? Kò sí ìlà kankan tó ń sọ pé "ó tó gẹ́ẹ́". Ní àsìkò yẹn, kò sẹ́ni tó lè bá wọn wí. Ebi ló wà níta. Ní 2006, WHO gbé òṣùwọ̀n tuntun jáde, tí wọ́n fi àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè mẹ́fà ṣe, Gánà wà nínú wọn. Èyí ní ìlà lókè, ó sì ń fi ìwọ̀n wé gíga, torí ọmọ kúkúrú tó wúwo àti ọmọ gíga tó wúwo kì í ṣe ọ̀kan náà.

Àlàfo kejì ló wá tóbi jù: ọdún márùn-ún ni ọ̀nà yẹn parí. Lẹ́yìn abẹ́rẹ́ àjẹsára tó kẹ́yìn, káàdì á wọnú àpótí. Láti ìgbà yẹn lọ, kò sẹ́ni tó ń wọn ọmọ mọ́, ìgbà yẹn gan-an ló sì ń gba owó oúnjẹ lọ iléèwé.

Ẹ jẹ́ ká wo irú Kàbà tó ń gbà á. Oríta ni ìlú yìí: ọ̀nà Lọ́kọ́ja, ọ̀nà Òkene, ọ̀nà Ọmùò, ọ̀nà Ẹ̀gbẹ̀. Ohun tó bá ń tà ní Àbújá kì í pẹ́ débẹ̀. Àwọn bàbá wa fi ẹsẹ̀ rin lọ sóko iṣu àti ọkà bàbà, wọ́n sì fi ẹsẹ̀ rìn bọ̀. Iyán tí wọ́n jẹ, wọ́n ti fi ọkọ́ san gbèsè ẹ̀. Lónìí, ọ̀kadà ń gbé ọmọ lọ iléèwé. Iléèwé àdáni míì, inú ilé gbígbé ló wà, kò ní pápá. Ẹ̀bá ẹnu ọ̀nà ni kíóòsì bísíkítì àti mínírà. Ìgò 50cl kan lè ní ju 50 gíráàmù ṣúgà lọ. Bó bá dé ilé, súwè àti bojúbojú ti di fóònù. Oúnjẹ àgbẹ̀ ṣì wà lórí tábìlì, àmọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ti kúrò lára ọmọ.

A ò fẹ́ sọ ọ́ ju bó ṣe rí lọ o. Ìwádìí NDHS ti 2018 fi hàn pé nínú ọmọ Nàìjíríà 100 tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, 37 ni kò ga tó bó ṣe yẹ, nígbà tí 2 péré sanra jù. Ebi ṣì ni ọ̀tá àkọ́kọ́. Àmọ́ ní 2025, UNICEF kéde pé, fún ìgbà àkọ́kọ́, ọmọ ọdún 5 sí 19 tó sanra jù láyé ti pọ̀ ju èyí tó rù jù lọ. Apá ilẹ̀ Áfíríkà tiwa wà lára ibi tí kò tíì rí bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ni pé a ṣì ní àyè.

Ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba ₦10 lórí lítà kọ̀ọ̀kan ọtí ẹlẹ́rìndòdò láti 2022. Ẹ ṣírò ẹ̀: ₦5 lórí ìgò 50cl. ₦5 kò lè lé ọmọdé kúrò nídìí kíóòsì. Ohun tó ti ṣiṣẹ́ níbòmíì ni ìlú kékeré tí gbogbo ẹ̀ gbé e pọ̀. Ní Faransé, Fleurbaix àti Laventie bẹ̀rẹ̀ ní 1992 láti inú iléèwé, kó tó kan òbí àti gbogbo ìlú. Ní Amẹ́ríkà, ìlú Somerville àti yunifásítì Tufts bẹ̀rẹ̀ ní 2002: wọ́n tún oúnjẹ iléèwé ṣe, wọ́n jẹ́ kí ọmọ lè fẹsẹ̀ rin lọ iléèwé láìséwu, wọ́n bá àwọn ilé oúnjẹ sọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n gbé èsì jáde ní 2007, ìwọ̀n àwọn ọmọ Somerville kò lọ sókè tó ti àwọn ìlú tí wọ́n fi wé e.

Kò sí ohun kankan nínú ìyẹn tí Kàbà kò ní àwọn èèyàn fún. Ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ wà, ẹgbẹ́ ìlú wà, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí wà, àwọn ìyá tó ń ta oúnjẹ lẹ́nu ọ̀nà iléèwé náà wà. Kí iléèwé ra òṣùwọ̀n kan, kí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì fa ìwọ̀n gíga sára ògiri, kí káàdì ọmọ máa bá ìrìn lọ dé ìwé mẹ́fà, ẹ̀ẹ̀kan ní táàmù. Kí wọ́n bá olóúnjẹ sọ̀rọ̀ kí wọ́n má lé e: ẹ̀wà, mọ́ínmọ́ín, ọsàn, omi tútù, ọjà ni gbogbo ẹ̀. Kí wọ́n dá pápá padà, torí wákàtí kan eré lójúmọ́ ni WHO ní ọmọ iléèwé nílò. Kọ́ọ̀kan ni kí wọ́n máa wọn ọmọ, ní kọ̀rọ̀, kí wọ́n sì fi káàdì lé òbí lọ́wọ́. Ọmọ tí ẹ bá pè ní "oróbó" níwájú kíláàsì kò ní tìtorí ẹ̀ sáré, á kàn máa jẹun níbi tí ẹ ò ti ní rí i.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ fún àwọn ìyá wa pé ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù tẹ́lẹ̀ kò tọ́. Ẹ̀rù yẹn ló gbà wá là. Ojú tí wọ́n fi ń ṣọ́ ìlà ìsàlẹ̀ náà ni kí wọ́n máa fi wo tòkè. Ọ̀nà ni káàdì náà láti Ìmẹ̀sí-Ilé wá, ọ̀nà tó bá sì jẹ́ ọ̀nà gidi, ẹ̀gbẹ́ méjì ló ní.