Àyè Orúkọ Nínú Èdè JavaScript

Ní Alajue ní ìlú Ẹdẹ, bí ìyá àgbà bá pe Àkànní nínú agbo ilé, Àkànní ilé náà ni yóò dáhùn. Ti agbo ilé kejì kò ní rò pé òun ni. Ṣùgbọ́n bí a bá ní Tìmì, gbogbo ìlú ni ó mọ ẹni tí à ń wí. Orúkọ kọ̀ọ̀kan ni ó ní àyè tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí nínú àwọn èdè tí a fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà. Láti ìgbà ALGOL 60 ni àwọn onímọ̀ ti fi lélẹ̀ pé orúkọ tí a bá sọ nínú yàrá kan, inú yàrá náà ni yóò mọ.

JavaScript kò tẹ̀lé ìlànà yìí. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1995, Brendan Eich, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ Netscape ní Amẹ́ríkà, fi ọjọ́ mẹ́wàá péré gbé àkọ́dá èdè náà kalẹ̀. Scheme, èdè tí Sussman àti Steele dá sílẹ̀ ní MIT ní 1975, ni ó wà lọ́kàn rẹ̀. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní kí ó jọ Java. Ohun kan tí ó rí mú láti inú Scheme ni pé a lè fa function kan lé òmíràn lọ́wọ́ pé, ‘Bí o bá ṣe tán, kí o pe èyí.’ Òun ni wọ́n ń pè ní callback. Àyè yàrá ni kò sí níbẹ̀. Eich fúnra rẹ̀ sọ lẹ́yìn náà pé àkókò ni kò tó. Orúkọ tí a bá fi var sọ, gbogbo agbo ilé, ìyẹn odindi function, ni yóò ti máa jẹ́, ì báà jẹ́ yàrá kọ̀rọ̀ ni a ti sọ ọ́.

Nígbà tí nǹkan méjèèjì yìí pàdé ni wàhálà dé. Ẹ jẹ́ kí a wò ó báyìí: baálé kan fẹ́ rán ọmọ márùn-ún níṣẹ́, pátákó kan ṣoṣo ni ó sì wà ní àgbàlá. Ó kọ 1 sí i, ó rán ẹni kìíní. Ó pa á rẹ́, ó kọ 2, ó rán ẹni kejì. Títí ó fi dé 5. Ó kọ 6, ó rí i pé ọmọ ti tán, ó dúró. Àṣẹ tí ó fún wọn ni pé, ‘Bí ẹ bá dé, kí ẹ ka nọ́ńbà yín lára pátákó.’ Wọ́n dé lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn sì ń ké 6, nọ́ńbà tí a kò fún ẹnikẹ́ni! Callback kò gbé iye dání. Ibi tí orúkọ wà ni ó rántí. Òru tí àwọn ọmọ iṣẹ́ ti fi wá àṣìṣe yìí kò níye, nítorí kò sí ìlà kan tí ó burú lójú.

Àwọn àgbà iṣẹ́ náà dọ́gbọ́n sí i: wọ́n ń fi function mìíràn yí callback kọ̀ọ̀kan ká, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan lè ní pátákó tirẹ̀. Lẹ́yìn tí Ryan Dahl gbé Node.js jáde ní 2009, callback wá pọ̀ débi pé wọ́n ń wọnú ara wọn bí àlọ́ inú àlọ́. Ní oṣù kẹfà ọdún 2015 ni ìlànà ECMAScript tuntun mú let àti const wá, tí àyè yàrá fi wọ èdè náà. Bí baálé bá fi let kà, pátákó ọ̀tọ̀ ni ti ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ìlànà yìí kan náà ni ó mú promise wá, ìlérí pé èsì ń bọ̀. Async àti await sì tẹ̀lé e ní 2017.

Síbẹ̀, var kò kú. Iṣẹ́ tí wọ́n ti fi kọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì pọ̀ jù. Bí wọ́n bá yọ ọ́, púpọ̀ nínú wọn yóò wó. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ń kọ́ èdè yìí lónìí, ì báà jẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí ó wà ní Ẹdẹ, ní láti mọ òfin ọdún 1995 àti ti 2015, nítorí ojú ìwé kan náà ni yóò ti bá àwọn méjèèjì pàdé.